Adigunjalè tó jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, kí lòfin wa ní fún un?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé lórílẹ̀-èdè yìí, tí adigunjalè bá dúró níwájú adájọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní òun jẹ̀bi, adájọ́ ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, abala 274, sọ pé ẹjọ́ tó bá ti la ikú lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, kí ìjọba lọ kó ẹlẹ́rìí wá. Mo mọ ìdí ẹ̀ ṣá, àwọn tí wọ́n lù ní teṣàn títí wọ́n fi gba ohun tí wọn ò ṣe, wọn ò kéré.

Àmọ́ èmi tí wọ́n jà lólè ńkọ́? Wọ́n kó fóònù àti owó ọjà mi lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn jẹ́wọ́, ó tún mú ọlọ́pàá lọ síbi tí wọ́n ri ìbọn mọ́lẹ̀, síbẹ̀ mò ń lọ mò ń bọ̀ ní kọ́ọ̀tù, lónìí wọ́n á ní Black Maria, ọkọ̀ tó ń gbé ẹlẹ́wọ̀n wá sí kọ́ọ̀tù, ò wá, lọ́jọ́ mìíì IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ti gba transfer, ìgbà tó yá wọ́n tún ní trial within trial, pé kí wọ́n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ bóyá tipátipá ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi á sì wà ní títì. Ti báǹkì Ọ̀fà náà, 2018 ni wọ́n jalè yẹn, 2024 ni wọ́n tó dájọ́ ikú fún èèyàn márùn-ún.

Ní England, ìlànà wà níta gbangba láti 2017: tó o bá jẹ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n lè yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ọdún ẹ̀wọ̀n ẹ, tó o bá falẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin, tó bá di ọjọ́ tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó yẹ kí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún lè gba 10, olè mọ̀, ẹni tí wọ́n jà lólè náà mọ̀.

Tiwa? Òfin tí ológun ṣe ní 1984 ló ṣì wà ńbẹ̀, nǹkan ìjà lọ́wọ́, ikú ni, tí ò bá sí nǹkan ìjà, ó kéré tán ọdún 21. Ikú ọ̀hún gan-an, àwọn gómìnà kì í fẹ́ fọwọ́ sí i. Làwọn lọ́yà bá ń bá ìjọba dúnàádúrà, plea bargain, wọ́n á sọ ìdigunjalè di olè jíjà lásán. Òfin Èkó ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kí wọ́n tó gbà, àmọ́ wọ́n ti fi "tó bá ṣeé ṣe" há a (ta ló máa wá ní ó ṣeé ṣe?).

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdá tí wọ́n máa yọ sínú òfin, níbi tí ẹ̀mí ò bá ti lọ, kó jẹ́ ìjẹ́wọ́ tó ṣe níwájú adájọ́ pẹ̀lú lọ́yà ẹ̀ nìkan ló máa kà, ti teṣàn ò kà. Ẹni tó bá yìnbọn pa èèyàn, kò sí dísíkáńtì fún un. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọdún fóun, kó dárúkọ àwọn tó ń ra ọjà olè lọ́wọ́ ẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí mò ń lọ síbẹ̀ yìí, mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀daràn sí.

Òǹkàwé yín, Agége, Èkó