Pọ́ǹpù epo Ìjàpá: ẹ wọn ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ tó dè é

Sí Olóòtú,

Àwọn tó ṣì ń wa Ìjàpá (Volkswagen Beetle) l'Ékòó máa ń ráhùn pé pọ́ǹpù epo tuntun tí wọ́n rà ní ọjà Ládípọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àìwọn ọ̀pá ló pa á.

Ọ̀pá irin kékeré tó ń ti pọ́ǹpù láti inú ẹ́ńjìnnì, oríṣi méjì ni. Ti ẹ́ńjìnnì oní-dáínámò jẹ́ mílímítà 108. Ti oní-ọtánétọ̀ jẹ́ 100. (Dáínámò tàbí ọtánétọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná.) Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú tò lọ́pọ̀ ìgbà, ta ló mọ èyí tó wà nínú rẹ̀ láìfà á yọ? Bí ọ̀pá gígùn bá pàdé pọ́ǹpù tó yẹ fún kúkurú, rọ́bà inú pọ́ǹpù á ya.

Bí ẹ bá fẹ́ tú pọ́ǹpù, ẹ kọ́kọ́ fi bóòtù dí họ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti táǹkì, torí iwájú ni táǹkì wà, epo á kàn máa ya ni. Sípánà 13 ló ń tú nọ́ọ̀tì méjèèjì tó de pọ́ǹpù. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀pá já sínú ẹ́ńjìnnì o! Ẹnu rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó ló ń kọjú sísàlẹ̀. Ẹ to gáskẹ́ẹ̀tì sábẹ́ àti sórí ike dúdú tí pọ́ǹpù ń jókòó lé, kí ẹ fọwọ́ yí púlì ẹ́ńjìnnì títí ọ̀pá á fi yọ dé góńgó, kí ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti orí gáskẹ́ẹ̀tì. Mílímítà 13 ni. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì kún ti abẹ́. Bó bá dín, ẹ yọ ọ̀kan. Ẹ ki gíríìsì sábẹ́ pọ́ǹpù kí ẹ tó dè é.

Bí rọ́bà ti tẹ́lẹ̀ bá ti ya, ẹ fa géèjì ọ́ìlì kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, ẹ da gbogbo ọ́ìlì náà nù. Lítà méjì àbọ̀ péré ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tó ti là kò lè gba bẹ́ríìnì sílẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland ni ẹ̀bi pọ́ǹpù. Bó bá tutù tó sì jí padà, ooru ló sọ epo di afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Ẹ fi àkísà tútù lé pọ́ǹpù lórí.

Ẹni tó bá ní kí ẹ so pọ́ǹpù oníná ti mọ́tò injector mọ́ ọn, ẹ má gbà. Agbára rẹ̀ ju ti kábúrétọ̀ lọ fíìfíì, epo á sì kún dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Fílítà epo oníke tí wọ́n ń so sẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíríbútọ̀ náà nìyẹn: abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e sí.

Mẹkáníìkì Ìjàpá kan,
Muṣin, Èkó.