Oògùn oorun ti wọ yàrá àwọn òbí wa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo kodéènì àti tramadol. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé nípa wọn kì í jókòó sábẹ́ afárá. Ìyá oníṣòwò ni, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ni, opó tí oorun ti dá lójú rẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni. "Valium five", oògùn oorun, ni wọ́n ń bèèrè ní kẹ́míìsì, bí ẹni ń bèèrè Panadol.

Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà á kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ọ̀fọ̀ tàbí àìróorunsùn. Bó bá tán, màmá á mú páálí òfìfo lọ sí kẹ́míìsì, ọmọ tó ń tajà á gé káàdì kan fún un, kò ní bèèrè ìwé. Bẹ́ẹ̀ òfin ò gba oníkẹ́míìsì láyè láti tà á rárá. Nígbà tó bá yá, ẹyọ kan ò ní ràn án mọ́, á di méjì. Àwọn ọmọ ò ní fura. Wọ́n á máa dúpẹ́ pé màmá ń sùn.

Oògùn yìí kì í tètè kúrò lára àgbàlagbà. Bílẹ̀ mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀: òòyì á máa kọ́ wọn, iyè wọn á máa ra. Bí màmá bá ṣubú lóru tí eegun ìbàdí ṣẹ́, ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí wọn kí ẹ tó ní ayé ló ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá sì fi ọtí tàbí tramadol pọ̀ mọ́ ọn, èémí lè dáwọ́ dúró lójú oorun.

Ẹ̀yin ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á dànù lójijì. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, gìrì lè gbé e bó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Wọ́n ń tọ́jú irú èyí ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Ábẹ́òkúta àti ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, kò sì yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú.

Kí NAFDAC àti àjọ tó ń mójú tó àwọn apòògùn dé kẹ́míìsì inú ọjà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ńláńlá etí títì nìkan. Ẹ̀yin dókítà náà, bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí màmá máa padà wá, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tó ń lé oorun lọ.

Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.