Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, lórí ọ̀nà Breckenridge

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni ọmọ yín, àbíkẹ́yìn mi, gbé ìwé kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ pé kí n buwọ́ lù ú. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ lọ kọ́ síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, ní Breckenridge, ìlú orí òkè ní Colorado níbí, nínú oṣù Kejì. Mo ka orúkọ ìlú náà, mo dá ìwé padà sórí tábìlì, mo sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ tí n kò wà lọ síbì kankan, títí ìyàwó mi fi wá kan fèrèsé.

Ó di oṣù mẹ́rìnlá tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú yín, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ohun tí ó wà nínú mi fún.

Ẹ̀yin ni ẹ ní kí a lọ sí Breckenridge, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọjọ́ kejì tí ẹ dé ni, ẹ sì ní ẹ kò ní padà sí Ìbàdàn kí ẹ máa fi ẹnu lásán ròyìn yìnyín. A kúrò ní Denver ní aago méje àárọ̀, a gba títì márosẹ̀ I-70 lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ní Genesee, nígbà tí ẹ rí agbo ẹfọ̀n tí wọ́n dúró nínú yìnyín, ẹ sọ fèrèsé kalẹ̀ nínú òtútù yẹn, ẹ sì sun ìjálá ẹfọ̀n sí wọn, èyí tí Bàbá máa ń sun. N kò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Ní Idaho Springs, mo fi ihò àwọn awakùsà hàn yín lára òkè, mo sọ fún yín pé wúrà tí wọ́n rí níbẹ̀ ní 1859 ló kó èrò dé agbègbè náà. Ẹ dáhùn pé wúrà wà ní Ìtagùnmọ́dì náà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín yín kẹ́yìn ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí a kọjá Silver Plume, òkè ti ká ọ̀nà mọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbogbo igi ti wọ funfun, ìtànṣán yìnyín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ojú ríran. Ẹ gbé orí ti fèrèsé, ẹ sì sọ pé, “Ó tó.”

Mo gbà pé ìyìn ni. Mo ní, “Kò tíì tó o, Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí a kọjá abẹ́ òkè ná.” Ibi tí a ti lè yà wà ní Loveland, ní ẹnu ọ̀nà abẹ́ òkè gan-an, n kò yà. Bí a ti wọ inú rẹ̀ ni mo ń ṣàlàyé fún yín pé Eisenhower ni orúkọ rẹ̀, pé 1973 ni wọ́n ṣí i, pé ó fi ohun tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 ga ju ojú òkun lọ, àti pé òkè tí ó wà lórí wa ni ó pín omi Amẹ́ríkà sí méjì, tí omi apá kan ń ṣàn lọ sí òkun Àtìláńtíìkì, tí ti apá kejì ń lọ sí Pàsífíìkì. Ẹ kò dá mi lóhùn.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ṣé ẹwà ni ẹ ní ó tó? Ṣé ìrìn ni? Àbí ìrora ni, tí ẹ ti ń mú mọ́ra láti Idaho Springs, tí ó wá tó gẹ́ẹ́? Ohùn yín ni mo ń fẹ́ rántí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń pè é padà sí etí ni ó ń yàtọ̀ sí ti àná.

Ní Dillon ni ẹ bì. Nígbà tí a fi dé Frisco, ẹ ti di ìhà òsì mú, Breckenridge kò sì ju máìlì mẹ́wàá lọ mọ́. Ẹ kò fojú kàn án. Dókítà béèrè jẹ́nótáìpù yín, ẹ dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé AS. Ó ní atẹ́gùn ibi gíga kò ní agbára tó ti ìsàlẹ̀, àti pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí ó jẹ́ AS, tí ibi gíga kò tíì mọ́ lára, lè tẹ̀ bíi dòjé kí ó sì dí ojú ọ̀nà nínú ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní spleen, lábẹ́ ìhà òsì.

AS, Bọ̀ọ̀dá mi! Gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Torí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ọmọ Ọ̀yọ́ fi bàjẹ́ lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ ẹbí, tí àlùfáà ní òun kò ní so AS méjì pọ̀. A mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Nígbà tí ẹ fẹ́ ẹni tí ó jẹ́ AA, a ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí ó ti parí. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ fún wa pé ó lè bá ènìyàn gun òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìhà ń dùn yín. Ẹ̀gbọ́n ni yín. Bí ẹ bá ní, “Yí ọkọ̀ yìí padà,” ta ni èmi tí n kò ní yí i? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ fún mi, kò sì di odindi nínú mi títí a fi dé Dillon. Ó máa ń bí mi nínú ní òru, lẹ́yìn náà ni ojú á tì mí pé òkú ni mò ń bínú sí. Wọ́n ní àìsàn mìíràn ló mú yín lọ, n kò sì bá wọn jiyàn.

Láti ọjọ́ náà, n kò wa ọkọ̀ kọjá Idaho Springs mọ́. Ọ̀gá mi ní kí n máa gbé ẹrù gba ọ̀nà náà, mo kọ̀, ó sì dín iye ọjọ́ iṣẹ́ mi kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Owó ilé ti ń di ìnira. Ìyàwó mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó ní kí n má fi ẹ̀rù tèmi de ọmọ mọ́lẹ̀.

AS ni ọmọ náà, bí ti èmi àti ẹ̀yin. Dókítà rẹ̀ sọ pé Denver ni wọ́n bí i sí, pé ibi gíga ti mọ́ ọn lára díẹ̀, pé ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láyọ̀, pé kí ó ṣáà máa mu omi, kí ó má sì ṣe agídí bí ara bá ń dùn ún. Agídí gan-an ni ẹ̀rù mi. Ní oṣù tó kọjá, ó fi ẹsẹ̀ tí ó rọ́ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta kí a tó mọ̀.

Ní àárọ̀ yìí, mo bi í pé bí ìhà òsì bá ń dùn ún lórí òkè, kí ni yóò sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ó ní, “Màá ní ìhà ń dùn mí, ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀.” Mo ní kí ó tún un sọ. Mo ní kí ó sọ ọ́ sókè. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gba ìwé náà. Mo ti mú un sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, n kò sì tíì buwọ́ lù ú.

Àbúrò yín.