Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé o fẹ̀yìntì ní àlàáfíà ara. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ méjì nínú ìjọ, o sì tún fẹ́ dá kíláàsì ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ó dáa. Àmọ́ tètè mọ̀ pé tíṣà tó bá ti fẹ̀yìntì, gbogbo ayé gbà pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Wọn á ní kí o kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí o bá wọn ṣírò owó ìkórè, lẹ́tà ẹgbẹ́ àdúgbò náà á tún wá bá ọ nílé. Bó bá jẹ́ èmi ni, iṣẹ́ akọ̀wé kan ṣoṣo ni n óò gbà, ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé á gba èkejì. Kíláàsì yìí tó ẹrù lọ́tọ̀.

Kí o tó ra ṣọ́ọ̀kì kankan, ojú wọn ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti nǹkan bí ogójì ọdún lọ ni ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó wà nítòsí mọ́. Ẹni àádọ́rin ọdún tó ń na ìwé síwájú kì í ṣe olódo, awò ló ń wá. Kọ o àti ọ mọ́ra wọn ní ìlà mẹ́ta: ńlá, àárín, àti kékeré bíi ti inú Bíbélì. Kí oníkálukú na ìka sí èyí tó ní àmì lábẹ́. Ẹni tí kò bá rí àmì yẹn kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín e àti ẹ tàbí s àti ṣ láéláé, bó ti wù kí o kígbe tó. Bí ẹnì kan bá lo awò tí ó sì ní ńṣe ni ó dà bíi pé èéfín bo ojú òun, ilé ìwòsàn ojú ni kí o darí rẹ̀ sí kó tó wá sí kíláàsì.

Má dúró síwájú fèrèsé nígbà tí o bá ń kọ́ wọn, òjìji rẹ nìkan ni wọn yóò máa wò. Ẹ̀gbẹ́ wọn tàbí ẹ̀yìn wọn ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ṣọ́ọ̀kì pupa kò hàn lára pátákó dúdú, nítorí náà funfun ni kí o lò, tàbí yẹ́lò.

Ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú márùnlélógójì péré. Má ṣe é lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, ó ti rẹ̀ wọ́n nígbà náà. Bí tọkọtaya bá wá, má jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀, torí èyí tó tètè mọ̀ ọ́n ni yóò máa dáhùn fún èkejì.

Orúkọ wọn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń tẹ ìka láti ọjọ́ yìí wá, tó wá kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, o ò ní í ránṣẹ́ pè é kó tó tún wá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá lọ, wọ́n á ní ó ti tó. Nítorí náà, bí orúkọ ti ń lọ ni kí sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ bíi ba, ti, lo, ti máa wọlé. Má fi a, b, d tí à ń kọ lórin kọ́ wọn, àwọn ọmọdé ni ìyẹn wà fún. Mú b, t, l, kí o fi a, i, o sí i: wọ́n á ka ata, bàtà, àlá, ìlà, òbí lọ́sẹ̀ kìíní. Ẹni tó ti ka odindi ọ̀rọ̀ yóò padà wá. Fi gb sílẹ̀ di ìgbà tí g àti b bá ti dúró dáadáa, nítorí ojú máa ń pín in sí méjì. Ohùn kò le fún wọn bí o ti rò: fi dò, rè, mí gbé igbá, ìgbà àti igba sí wọn létí, àwọn akọrin á ti gbà á mọ́ ọ lẹ́nu.

Ohun tó máa ń tan tíṣà jẹ jù nínú kíláàsì ìjọ ni àkọ́sórí. Wàá ṣí Sáàmù 23 fún ìyá kan. Awò wà lójú, ìka wà lórí ìwé, ohùn ń dún ketekete, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan. Ìka yẹn ni kí o wò: ẹnu ti dé ibi omi dídákẹ́ rọ́rọ́, ìka ṣì wà ní ìlà kìíní. Má dójú tì í. Gé ihò kékeré sára páálí, kó gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbé e lé ìwé, kí o máa fà á láti òpin ìlà bọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá kà látinú ihò yẹn ló mọ̀. Lẹ́yìn náà, ìwé Rúùtù ni kí o gbé fún wọn. Orí mẹ́rin péré ni, wọ́n mọ ìtàn rẹ̀, wọn ò sì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Ẹlòmíràn á ní kí o lo Obadiah torí pé ó kúrú. Má dá a lóhùn, àwọn orúkọ ilẹ̀ òkèèrè inú rẹ̀ á lọ́ wọn lẹ́nu.

Ibi kan wà tí á dà bíi pé iṣẹ́ rẹ bàjẹ́. Lójijì, ẹni tó ń ka ìwé tí o kọ fún un dáadáa á ṣí Bíbélì ara rẹ̀, á sì há. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Odindi Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá jáde ní 1884, nígbà tí àkọtọ́, ìyẹn ìlànà kíkọ Yorùbá sílẹ̀, tí àwa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé jẹ́ ti 1974. Ó mọ ayé, aiye ló bá níbẹ̀. Ó mọ ènìyàn, enia ló rí. Wọ́n di nwọn, yóò di yio, àmì ohùn sì ṣọ̀wọ́n. Bíbélì alákọtọ́ òde òní wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń gbé abẹ́ apá láti ọdún pípẹ́ ni yóò fẹ́ kà. Kọ ogún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí páálí, ti Bíbélì lápá òsì, ti ilé ìwé lápá ọ̀tún, gbé e kọ́ ògiri kí wọ́n tó há, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Gbàgbé bírò pupa. Àgbà tí o bá fi ìlà pupa gba inú ìwé rẹ̀ kọjá níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní í padà wá, kò sì ní í sọ ìdí. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sọ ọ́ sí i létí pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí wò." Ọmọ-ọmọ tó bá tẹ̀ lé wọn wá, jẹ́ kó dúró síta, ẹ̀rín rẹ̀ kan ṣoṣo lè tú kíláàsì ká.

Bí wọ́n bá ti ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú rẹ, wọ́n á máa gbé lẹ́tà ilé ìfowópamọ́ àti ti àwọn ọmọ wọn wá pé kí o kà á fún wọn. Kà á, pa á dé, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan pásítọ̀. Bó bá yá, dá a padà sọ́wọ́ olúwarẹ̀ kó ka ìlà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀.

Fi iye ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, àti iye àwọn tí kò rí àmì abẹ́ ọ ní ìlà kẹta. N óò kọ sí ọ nípa bí a ṣe ń pín wọn sí méjì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.