Ẹni Tí Iṣẹ́ Ilé Kàn Kì Í Ṣe Àlejò

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Mo kí yín ní orúkọ Jésù Kírísítì. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn tí kì í pa ìsìn jẹ láàárín wa, síbẹ̀ tí wọn kò tíì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìjọ yìí, ìjọ tiwọn ni. A máa ń kí wọn káàbọ̀ dáadáa: a ó ní kí wọ́n dìde, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì kọrin fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, oníkálùkù a wá ẹni tó mọ̀ lọ, ẹni tí a pàtẹ́wọ́ fún a sì fi Bíbélì rẹ̀ há abíyá, a gba ẹnu ọ̀nà jáde láìsí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀.

Ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá rí irú ìṣòro yìí. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn sí àwọn Hébérù nítorí pé wọ́n ń gbàgbé àwọn opó wọn níbi ìpín ojoojúmọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí àwọn àpọ́sítélì ṣe. Wọn kò pe ìkùn náà ní ọ̀tẹ̀ (ó yẹ kí àwa tí a ń darí ìjọ ro èyí dáadáa, nítorí kíá la máa ń sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀), wọn kò sì kàn tu àwọn opó náà nínú lásán. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí rere sí, kí a fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ka orúkọ wọn, Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórù, Tímónì, Páménà àti Níkólásì, ẹ ó rí i pé orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Níkólásì ará Áńtíókù kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ló gba ẹ̀sìn Júù. Lójú tèmi, láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù lọ ni wọ́n ti yan àwọn tí yóò máa bójú tó ìpín gbogbo ìjọ.

Bánábà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbogbo ọmọ-ẹ̀yìn ń bẹ̀rù Sọ́ọ̀lù ní Jerúsálẹ́mù, òun ló dúró fún un níwájú àwọn àpọ́sítélì. Nígbà tó yá, ó wá a lọ sí Tásù, ó mú un wá sí Áńtíókù, wọ́n sì jọ kọ́ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan gbáko.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ méjì, Chaeyoon Lim àti Robert Putnam, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn olùjọ́sìn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń lọ sílé ìsìn déédéé, tó sì ní ọ̀rẹ́ nínú ìjọ, máa ń ní ìtẹ́lọ́rùn ju ẹni tí kì í lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ déédéé láìní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sílé. N kò lè ti orí àga ìwàásù pàṣẹ pé kí ẹnì kan di ọ̀rẹ́ ẹnì kejì. Mo rántí arákùnrin kan tó máa ń jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, tó sì máa ń jáde kí a tó parí orin ìkẹyìn. Lọ́jọ́ kan tí àwọn tó ń to àga kò pọ̀ tó, ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi gbé ìdí kejì bẹ́ǹṣì yìí.” Wọ́n gbé e, wọ́n padà wá gbé òmíràn, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè iṣẹ́ àti ọmọ bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ti dé kí a tó ṣílẹ̀kùn.

Iṣẹ́ kì í ṣe owó tí a fi ń ra àyè nínú ilé Ọlọ́run. Màmá tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè gbé bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n a lè kó orúkọ àwọn aláìsàn fún wọn kí wọ́n máa gbàdúrà sí i, kí a sì padà lọ jábọ̀ fún wọn bí Olúwa ti ṣe é. Ohun tó le jù ni pé àwa tí a ti pẹ́ nínú ìjọ la di gbogbo iṣẹ́ mú, torí a gbà pé àwa la mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tuntun lè ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kó máa kọsẹ̀ nídìí orúkọ àwọn ọba. Ẹ jẹ́ kó kà á.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo olórí ẹgbẹ́ pé, kí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ tó wáyé, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wa lọ́dún yìí sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ tí a ti fi lé oníkálùkù lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ibi tó bá ṣófo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń retí kí a pè yín, ẹ má dúró dè wá mọ́: ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sọ fún mi ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe.

Èmi ni,
Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kírísítì.