Ilé olówó pọ́ọ́kú: kí ìjọba yé tà á, kí ó máa gba owó ilé lóṣooṣù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ṣí ẹ́síteètì tuntun l'Ékòó ni wọ́n ń sọ pé ilé olówó pọ́ọ́kú ti dé fún mẹ̀kúnnù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ètò tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ lọ́dún 2016, pé kí èèyàn máa gbénú ilé kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ san ìdá 5 nínú 100, kí ó sì fi ọdún 10 san ìyókù pẹ̀lú èlé ìdá 6. Ká sọ pé fúláàtì kan jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, tí kò wọ́n rárá lóde òní. Àsansílẹ̀ jẹ́ ₦500,000. Ká tilẹ̀ gbé ti èlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a bá pín mílíọ̀nù 9.5 tó kù sí oṣù 120, ó lé ní ₦79,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2024 jẹ́ ₦85,000. Kí ni yóò jẹ? Kí ni yóò fi wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́?

Ìlànà tó gbòde lẹ́nu iṣẹ́ ilé ni pé owó ilé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fúnni. Fún òṣìṣẹ́ yìí, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ₦28,000. Tó bá san án fún ọdún 10 gbáko, kò tó mílíọ̀nù 3.4. Nítorí náà, ilé títà, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù tó, kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ ọ fún. Ẹni tó ti rí já jẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò rà á, owó ìlú ni a ó sì ti fi bá a dín in kù.

Ẹni tí kò lè rà á ń lọ sọ́dọ̀ onílé aládàáni. Òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń gba ti ọdún méjì. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, tí ẹ́jẹ́ǹtì gba ìdá 10, tí àgírímẹ́ǹtì náà gba ìdá 10, ó ti di ₦720,000 kí kọ́kọ́rọ́ tó dọ́wọ́. Ìyẹn ju owó oṣù mẹ́jọ lọ fún òṣìṣẹ́ tí mo wí yìí. Sọ́gúndógójì ni yóò sá tọ̀. Olówó kì í san èlé lórí owó ilé; tálákà ló ń san án, nítorí pé wọ́n ní kó kó owó ọdún kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

A ti rí èyí tó dára rí. Láàárín 1979 sí 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fúláàtì sí Òkè-Àfà, Amúwó Ọ̀dọ̀fin, Ìpọ́nrí, Ìbà àti ibòmíràn. Wọn kò ṣe ọ̀ṣọ́ kankan sí i, ìdí sì nìyẹn tó fi pọ̀. Ṣùgbọ́n títà ni wọ́n tà á. Àwọn tó kọ́kọ́ rà á ta á fún ẹni tó lówó jù wọ́n lọ, iye tí ọjà bá sì pè ni wọ́n ń tà á lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mẹ̀kúnnù jẹ àǹfààní owó ìlú tó wà nínú rẹ̀.

Títà ló tún sọ òrùlé, àtẹ̀gùn àti sókàwéè di aláìlólúwa. Onífúláàtì ìsàlẹ̀ fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ́ ògiri. Nínú ilé tí kò ní òpó, tó jẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù ló gbé e dúró, gbogbo ìwúwo òkè á bọ́ sórí ìwọ̀nba ògiri tó kù. Ẹ ó rí i tí igun fèrèsé á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Sókàwéè tí wọ́n gbẹ́ fún èèyàn márùn-ún-márùn-ún nínú fúláàtì kọ̀ọ̀kan á di ti èèyàn mẹ́wàá, á kún àkúnya, bẹ́ẹ̀ bọ́hóòlù tí àwọn kan gbẹ́ kò jìnnà tó mítà 30 sí i.

Ohun kan náà ni títà ilé ìjọba fà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ènìyàn wa tó wà ní Peckham mọ̀ ọ́n dáadáa. Òfin ọdún 1980 fún ayálégbé káńsù láyè láti ra ilé tó ń gbé ní ẹ̀dínwó ńlá. Lónìí, nǹkan bí méjì nínú márùn-ún fúláàtì tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà ló ti di ilé tí onílé aládàáni fi ń gba owó gọbọi. Scotland fòpin sí títà náà ní 2016, Wales ní 2019. Vienna, olú ìlú Austria, ní tirẹ̀ gbé owó orí ilé kíkọ́ kalẹ̀ ní 1923, olówó ń san púpọ̀, tálákà ń san díẹ̀. Nígbà tó fi di 1934, fúláàtì tó lé ní 60,000 ti dìde. Wọn kò tà wọ́n. Nǹkan bí 220,000 ló wà lọ́wọ́ ìjọba ìlú náà báyìí.

Àwọn kan yóò ní tí ìjọba bá kọ́lé tí kò tà á, tó kàn ń gba owó ilé lóṣooṣù, owó tó fi kọ́ ọ kò ní padà. Yóò padà, àmọ́ yóò pẹ́. Ẹ mú ilé tó ní fúláàtì 20, mílíọ̀nù 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ilẹ̀ tí ìjọba kò rà. Kí 12 máa san ₦28,000 lóṣù, kí àwọn 8 tó rí ṣe san ₦50,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 8.8 lọ́dún. Kí wọ́n yọ ìdá 15 sínú àpò ọ̀tọ̀ fún òrùlé, pọ́ǹpù omi àti gbígbọ́n sókàwéè, àpò tí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì kò lè fọwọ́ kàn fún nǹkan mìíràn. Ohun tó kù yóò dá owó ilé náà padà ní nǹkan bí ọdún 27. Báǹkì kankan kò ní gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Ilé yóò sì ṣì jẹ́ ti ìlú.

Ẹ má kọ́ ọ sínú igbó. Nígbà tí wọ́n wó ilé Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955, tí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ sì jẹ èrè tó kù. Reluwé ti ń sáré láti Agbádó dé Oyíngbò báyìí. Ìtòsí àwọn ibùdó yẹn ló yẹ kí ilé tuntun wà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa fún ló dùn mí jù. Tí wọ́n bá ní kí èèyàn mú ìwé owó oṣù wá, wọ́n ti lé aláta, télọ̀ àti mẹkáníìkì dànù. Kí wọ́n gba káàdì àjọ ọdún méjì tàbí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dípò rẹ̀. Kí wọ́n ṣẹ́ gègé ní gbangba, kí wọ́n sì máa lẹ nọ́ńbà fúláàtì àti iye tí wọ́n ń san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Agége, Èkó