Bíbo orúkọ ní dúdú kò pa orúkọ rẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láàyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, la mú wá. Ó kan àwọn olùkọ́ tó ń tẹ jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé, jáde ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjàgun, Ìlíṣàn àti Ṣágámù. Ó sì kan gbogbo ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ti jókòó dá olùwádìí lóhùn rí, tàbí tí dókítà ti ya egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ní fọ́tò.

Bí a bá ti dárúkọ ààbò dátà, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yahoo lọkàn èèyàn máa ń sáré lọ. Wọ́n wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ jọ́nà, ọwọ́ ara wa la fi ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ èèyàn, inú fáìlì tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa ló sì ti ń jáde.

Ẹ wo àyẹ̀wò tí orúkọ kì í hàn, tí ọ̀mọ̀wé mìíràn fi ń yẹ iṣẹ́ wò kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, olùyẹ̀wò náà kò gbọdọ̀ mọ òǹkọ̀wé. Olóòtú á yọ orúkọ kúrò lójú ewé àkọ́kọ́, á ní ó parí. Kò tíì parí. Word ti kọ orúkọ sínú fáìlì náà: ẹ tẹ File, ẹ tẹ Info, ẹ ó bá a lọ́wọ́ ọ̀tún lábẹ́ Author. Ọ̀rọ̀ tí olùyẹ̀wò kọ sí etí ìwé náà ń gbé orúkọ rẹ̀ rìn. Ibẹ̀ náà la ti ń tún un ṣe: Check for Issues, lẹ́yìn náà Inspect Document, kí ẹ yọ gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ orúkọ. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣe é, torí ohun mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti lọ, kì í padà. Kí ẹ wá wo orúkọ tí wọ́n sọ fáìlì náà fúnra rẹ̀, àti gbólóhùn bíi “gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ nínú iṣẹ́ mi ti 2019”.

Àwòrán burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gé àwòrán nínú Word, apá tí ẹ gé kò lọ síbì kan, ó sá pamọ́ ni. Ẹni tó bá gba fáìlì náà lè fa ojú aláìsàn jáde padà, àfi bí ẹ bá wọ Compress Pictures tí ẹ sì yan pé kí ó pa apá tí a gé rẹ́. Bákan náà ni PDF: àpótí dúdú tí ẹ fi bo nọ́ńbà ilé ìwòsàn kò pa nọ́ńbà náà rẹ́. Ẹ fi máòsì yan ibẹ̀, ẹ kọpí, ẹ pèésìtì rẹ̀ síbòmíràn, á jáde ketekete. Excel tí òǹkọ̀wé fi ṣe àfikún iṣẹ́ rẹ̀ lè ní kọ́lọ́ọ̀mù tó fi pamọ́, tí nọ́ńbà fóònù gbogbo àwọn tó dá a lóhùn wà nínú rẹ̀.

Èyí tó kàn wá jùlọ níhìn-ín ni pé ìlú wa kò tóbi. Àjọ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn lágbàáyé, ICMJE, ti là á sílẹ̀ pé kí a má tẹ orúkọ aláìsàn, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ nílé ìwòsàn, àti pé bíbo ẹyinjú rẹ̀ nìkan nínú fọ́tò kò tó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé “olóyè kan, ẹni ọdún 74, ní Ìpẹru, tó ti fẹ̀yìn tì nílé ẹjọ́”, ta ni kò tíì mọ̀ ọ́n lọ́jà? Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún ló wà ní Ìjẹ̀bú, kálukú pẹ̀lú ìlú tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ “Alágẹmọ kan láti ìlú báyìí” ti kọ orúkọ. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ojúgbà, tí obìnrin kan ń bá jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba náà ń sọ iye ọdún rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Òfin ìlera Amẹ́ríkà mọ ewu yìí: níbi tí èèyàn kò bá ju 20,000 lọ, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ lára kóòdù ìfìwéránṣẹ́ pàápàá, òdo mẹ́ta ni wọn á fi rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọdún 74 di “ẹni tó lé ní àádọ́rin”, kí Ìpẹru di “agbègbè Rẹ́mọ”, kí oyè lọ pátápátá bí kì í bá ṣe oyè gan-an ni ìwádìí náà dá lé. Kí ọjọ́ tí wọ́n gba aláìsàn wọlé di “ọjọ́ kẹta àìsàn”. Bí àlàyé kò bá wá yé mọ́ lẹ́yìn èyí, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni náà fún ìyọ̀ǹda, kí ó rí ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ gan-an kó tó fọwọ́ sí i.

Ìtàn ìlú àti oríkì yàtọ̀ o. Bàbá tó jókòó kó ìtàn ìdílé sílẹ̀ fún olùwádìí lè fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀; bíbò ó mọ́lẹ̀ jẹ́ jíjí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúlé, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ orí tí àwọn kan ń tò sẹ́yìn iṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Orúkọ, ìlú àti ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó, bó bá ti gbà.

Ní ti ẹ̀rọ, OJS ni ọ̀pọ̀ jọ́nà wa ń lò, ètò ọ̀fẹ́ tí à ń fi gba iṣẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò, tí a sì fi ń tẹ̀ ẹ́, tó ti wà láti 2001. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ẹlòmíràn pín pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ń ka àṣìkọ kò nílò àṣẹ alákòóso tó ń rí orúkọ gbogbo olùyẹ̀wò. Bí ó bá sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí àṣẹ rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá da àkáǹtì kan pọ̀ mọ́ òmíràn nítorí pé ẹni tó ni í fẹ́ kúrò, gbogbo iṣẹ́ àti àyẹ̀wò rẹ̀ ló ń bá a lọ sínú èkejì, torí náà ẹ má dà á mọ́ àkáǹtì ẹlòmíràn tó ṣì ń lò ó. Bí ẹ bá ń kọ ímeèlì sí olùyẹ̀wò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, Bcc tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí ímeèlì ara wọn ni, kì í ṣe Cc. WhatsApp kọ́ ni ibi ìpínwèé.

Lọ́dún 2014, ilé ìtẹ̀wé SAGE fa àpilẹ̀kọ 60 padà nínú jọ́nà kan nítorí àwọn olùyẹ̀wò ayédèrú tí wọ́n fi ímeèlì èké ṣe. Láti ìgbà náà, ìbéèrè ti pọ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Ímeèlì yunifásítì àti nọ́ńbà ORCID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, tó láti mọ ẹni. A kò nílò ọjọ́ ìbí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tàbí àwòrán tẹ́là báńkì tí nọ́ńbà àkáǹtì hàn lórí rẹ̀. Nọ́ńbà rìsíìtì owó nìkan ni kí ẹ tọ́jú.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìtẹ̀jáde ẹ̀kọ́, àwọn kan sì ti gbá àyè náà mú bí ẹni pé òfin kò kàn wọ́n rárá. Àyè náà kò dé orí ìlànà pé kí a má gba ju ohun tí a nílò lọ, kò sì dé orí wákàtí 72 tí òfin fún wa láti kéde pé dátà ti jáde. Bí láptọ́ọ̀pù olóòtú bá sọnù nínú bọ́ọ̀sì ní oríta Ṣágámù tí ewu sì wà fún àwọn tí dátà wọn wà nínú rẹ̀, wákàtí 72 ni jọ́nà ní láti fi sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò dátà: ohun tó ṣẹlẹ̀, irú dátà tó jáde, iye èèyàn tó kàn bí ó bá ṣeé mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, kí àwọn èèyàn ọ̀hún fúnra wọn gbọ́ kíá, ní èdè tó yé wọn. Fún màmá àgbà ní Ìṣarà, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó ku àwọn iṣẹ́ tí a kọ̀ láti tẹ̀. Wọ́n ṣì wà nínú Gmail olóòtú àtijọ́ àti lórí fláàṣì olùyẹ̀wò. Kí jọ́nà kọ iye oṣù tí yóò fi pa wọ́n mọ́ sójú ìwé tí òǹkọ̀wé ń kà kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kí lẹ́tà tó ń sọ fún òǹkọ̀wé pé a kò gba iṣẹ́ rẹ̀ sì bá òmíràn sí olùyẹ̀wò rìn, pé kó pa ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òṣìṣẹ́ jọ́nà,
Ìjẹ̀bú-Òde.